Ẹyin Adìyẹ Inú Ìwé Sáyẹ́ǹsì

Ẹni tó bá ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ìwé jọ́gíráfì tí àwọn ọmọ wa ń lò, ìbáà jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ti girama kékeré, kò ní pẹ́ pàdé àwòrán kan níbẹ̀. Wọ́n á ya ayé ní roboto, wọ́n á gé ẹ̀là kan kúrò lára rẹ̀ bí ẹni gé ìbẹ́pẹ, wọ́n á sì fi ọ̀dà oríṣiríṣi kun inú rẹ̀: àwọ̀ ilẹ̀ lókè, pupa bí iná láàárín, àwọ̀ òféèfèé níbi kókó. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n á kọ ọ́ pé ayé dà bí ẹyin adìyẹ. Ó ní èèpo, ó ní funfun, ó ní pupa. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni ọmọ á wá há sórí, crust, mantle àti core, ẹ̀kọ́ náà sì ti parí nìyẹn.

Ẹyin yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ olùkọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹyin ń kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ó sì ń fi nǹkan mìíràn tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ pa mọ́ fún un, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ẹyin ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ tí kò mọ ẹyin. Kò wọ́n tó glóòbù, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò ní, tí àwọn tó ní in sì ń gbé sínú ọ́fíìsì ọ̀gá, níbi tí ọmọ kankan kò ti ní fọwọ́ kàn án. Olùkọ́ tó bá se ẹyin kan, tó fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ti fi han ọmọ pé ohun tó rí bákan náà lóde lè ní ìpele-ìpele nínú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti olùkọ́ tó bá rọra gbá ẹyin sísè mọ́ tábìlì kí èèpo rẹ̀ lè sán láìtíì ṣí kúrò. Ọmọ á rí i pé èèpo ti di awẹ́-awẹ́, pé bí a bá tẹ ọ̀kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbéra díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ayé àti apá òkè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe pín sí awẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń rìn. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn: nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ wa, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ ká ní Ifẹ̀, nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ náà ló wá di ẹyin adìyẹ. Adìyẹ kò tíì fi wá sílẹ̀.

Ibi tí ẹyin ti ń ṣi ọmọ lọ́nà ni inú rẹ̀. Ọmọ mọ̀ pé bí ẹyin bá já bọ́, ohun inú rẹ̀ á ṣàn. Bí olùkọ́ kò bá se ẹyin náà, tó kàn fẹnu sọ ọ́ lásán, ohun tó ṣàn ni ọmọ ń rí lọ́kàn. Ọ̀dà pupa inú ìwé á sì parí iṣẹ́ náà, ohun tó ń ṣàn á di iná. Ẹ bi ọmọ tó ti ka orí ìwé yìí pé kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tó dúró lé. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé iná ni, iná tó ń ru gùdù bí ọbẹ̀ lórí ààrò.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìpele tó wà lábẹ́ èèpo, tó lọ sísàlẹ̀ dé nǹkan bí 2,890 kìlómítà, àpáta ni. Ó gbóná gidigidi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí rẹ̀ wúwo débi pé ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó yọ́. Ibi díẹ̀ péré ló ti ń yọ́, ibẹ̀ sì ni ohun tí òkè ayọnáyèéfín ń pọ̀ jáde ti ń wá. Ìsàlẹ̀ ìyẹn la tó wá kan ohun tó yọ́ ní tòótọ́: láti 2,890 títí dé nǹkan bí 5,150 kìlómítà, irin àti níkẹ́lì yíyọ́ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní àárín gbùngbùn, irin náà tún le padà, nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ibẹ̀ kọjá sísọ. Pupa ẹyin kan ṣoṣo ni ẹyin ní. Kò ní pupa tó ń ṣàn tó tún wá ní pupa líle nínú.

Olùkọ́ lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún ọmọdé. Ohun tó le níbẹ̀, lójú tèmi, kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ni pé ìpele àárín yìí jẹ́ àpáta, síbẹ̀ ó ń rìn. Báwo ni òkúta ṣe ń ṣàn? Ní Àgbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ti le gan-an, tó fi òòlù lù ú, á fọ́ yángá bí àwo. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, yóò máa ṣàn lọ́nà tí ojú kò lè rí. Ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n da ọ̀dà sínú àrọ, irú èyí tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ní 1927. Wọ́n gé ìdí àrọ náà ní 1930 kí ọ̀dà lè máa kán. Títí di 2014, ẹ̀kán mẹ́sàn-án péré ló tíì kán. Olùkọ́ tí kò rí ọ̀dà lè mú òrí. Nígbà ọyẹ́ ó le gbandi, àmọ́ kí wọ́n gbé òkúta lé e láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí wọ́n tún wá wò ó ní Fúráìdè. Ọmọ tó bá rí èyí kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni pariwo ọ̀rọ̀ ńlá sí i létí.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà wà níbẹ̀, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé á ní ayé rí bí ọsàn, pé òkè àti ìdí rẹ̀ tẹ́. Bí a bá la àárín ayé kọjá níbi tó ti fẹ̀ jù, 12,756 kìlómítà ni. Bí a bá là á láti òkè dé ìdí, 12,714 ni. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju kìlómítà 42 lọ. Tí ayé bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń gbá, ìyàtọ̀ yẹn kò tó mìlímítà kan. Òkè Everest, tó ga tó 8,849 mítà, kò ní nípọn tó bébà méjì lára bọ́ọ̀lù náà. Ayé dán ju ọsàn lọ fíìfíì. Ó tún yẹ ká sọ pé kókó ayé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà àyè rẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ló kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Pupa ẹyin kò wúwo bí irin, ọmọ kò sì lè fojú inú rí ìyẹn níbẹ̀.

Gbogbo èyí kò bí mi nínú tó ohun tó kù. Mo wà nínú kíláàsì kan nígbà kan rí, tí ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè lẹ́yìn tí olùkọ́ gé ẹyin tán. Ó ní, "Àǹtí, ta ló wọ ibẹ̀ lọ?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ní kó jókòó, pé kó má da kíláàsì rú. Ọmọ náà jókòó. Ìbéèrè tó dára jù lọ tí mo gbọ́ lọ́dún náà ni wọ́n fi ẹ̀rín pa yẹn.

Ta ló wọ ibẹ̀ lọ? Kò sí. Àwọn agbẹ́kànga wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ dúdú ni wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́, wọ́n á kan yangí, wọ́n á kan amọ̀, títí wọ́n á fi kan àpáta, tí ṣọ́bìrì á máa pariwo, tí wọ́n á sì sọ fún onílé pé owó ti yí padà. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbẹ́ tiwọn ní ìbòmíràn, ní Kola, láti 1970. Nígbà tó fi máa di 1989, ihò náà ti jìn tó 12,262 mítà, ìyẹn ni pé tí a bá gbé afárá Third Mainland ní Èkó dúró lóòró, kò ní kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbóná ibẹ̀ tó 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọn kò sì lè tẹ̀ síwájú mọ́. Bẹ́ẹ̀ láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé, 6,371 kìlómítà ni, ó ju ìrìn Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ. Kí ọmọ wá fi ẹyin rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí: gbogbo agbára tí èèyàn ní, kò tíì lu èèpo ẹyin náà já. Ọ̀bẹ tí olùkọ́ fi là á sí méjì, ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní ni.

Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu. Nípa pé ayé rí roboto, wọn kì í fi ọmọ sílẹ̀ láìsí ẹ̀rí. Ìwé Goh Cheng Leong, Certificate Physical and Human Geography, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ka jọ́gíráfì ní girama, to ẹ̀rí náà lẹ́sẹẹsẹ: ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ lókèèrè, tí òkè rẹ̀ ń kọ́kọ́ yọ, òjìji ayé lójú òṣùpá, àwọn tó wọkọ̀ yí ayé ká. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí wá ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí a bá kan inú ayé, ọ̀rọ̀ á di "gbà bẹ́ẹ̀"?

Ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Obìnrin tó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà kì í fọ́ ọ wò. Ó máa ń fi ìka kàn án, kó gbọ́ bó ṣe dún. Èyí tó ti sán kì í dún bí èyí tó pé. Ẹni tó fẹ́ ra àgbọn á gbé e sétí, á mì ín, á sì mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣe ti ayé nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì á gba inú ayé kọjá, ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì gbọ́ ọ ní apá kejì. Oríṣi ìgbì méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Kí olùkọ́ to ọmọ mẹ́wàá sórí ìlà, kó ti ẹni ìkẹyìn: ìtì náà á lọ láti ẹ̀yìn ẹnì kan sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Oríṣi kìíní nìyẹn, ó lè gba inú líle, ó lè gba inú omi. Kó wá mú okùn tí àwọn ọmọ fi ń fò, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ kan mú, kí ẹlòmíràn gbọn orí kejì sókè sódò. Oríṣi kejì nìyẹn, kò sì lè gba inú ohun tó ń ṣàn kọjá. Nígbà tí oríṣi kejì yìí kò bá dé òdìkejì ayé, kí la máa sọ? Ohun kan tó ń ṣàn ló dínà fún un.

Báyìí ni Richard Oldham ṣe fi hàn ní 1906 pé ayé ní kókó. Ní 1909, Andrija Mohorovičić, ará Croatia, rí ibi tí èèpo parí sí. Inge Lehmann, obìnrin kan ní Denmark, wo àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó mì ní New Zealand ní 1929, ó rí i pé ìgbì dé ibi tí kò yẹ kó dé bí kókó bá jẹ́ ohun yíyọ́ látòkè délẹ̀. Ó kọ ọ́ jáde ní 1936 pé kókó líle kan wà nínú kókó náà. Kò wọ ibẹ̀ lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ ló jókòó tì. Ṣáájú gbogbo wọn, Henry Cavendish ti wọn ayé wò ní 1798, ó rí i pé ó fi ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀ wúwo ju omi lọ, bẹ́ẹ̀ òkúta tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò fẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé àpò èlùbọ́ tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, kò dìgbà tó bá tú u kó tó mọ̀ pé ohun mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kàn wá nínú bóyá àpáta ni tàbí iná. Ó kàn wá. Ní 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ó mì ní Mpape, l'Abuja, fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ̀rù sì ba àwọn ará ibẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ pé èèpo ẹyin ló dúró lé, pé iná ló ń ru lábẹ́ rẹ̀, kí la fẹ́ kó rò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ń di ẹ̀bi náà lé àwọn tó ń gbẹ́ bọhóòlù. Bí bọhóòlù bá tilẹ̀ lọ́wọ́ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ omi tí a fà kúrò láàárín òkúta ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ lè jókòó wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Kì í ṣe pé ẹnì kan lu èèpo já tí iná fi fẹ́ yọ jáde. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè bi ìjọba ní ìbéèrè tó yẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa sá kiri.

Ohun mìíràn tí mo kà sí àbùkù nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni àwọn àpẹẹrẹ wọn. Òkè ayọnáyèéfín inú wọn, ti Japan tàbí Hawaii ni, bẹ́ẹ̀ Òkè Cameroon tó wà nítòsí wa pọ̀ iná ní 1999 àti 2000. Mo tilẹ̀ lè fojú fo ìyẹn. Èyí tí n kò lè fojú fò ni ti Ìdànrè. Àpáta Ìdànrè, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun yíyọ́ ló jẹ́ nínú ìjìnlẹ̀ ilẹ̀. Ó tutù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, ó le, lẹ́yìn náà ni òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ fọ gbogbo ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ lọ láti ìran dé ìran tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ láti kà. Ọmọ tó bá gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀, tó fi ọwọ́ kan àpáta náà, inú èèpo ayé ló fọwọ́ kàn yẹn. Irú òkúta kan náà wà ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, torí pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ibẹ̀ àti ibí kí òkun tó là wọ́n. Ilẹ̀ méjèèjì ṣì ń jìnnà síra ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Ọmọ tó wà ní Èkìtì lè lọ sí Ìkógòsì, kó ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí kò sí òkè oníná kankan nítòsí rẹ̀, kó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló dáná fún omi yìí. Àwọn ibi tí à ń gbé ọmọ lọ ṣeré wọ̀nyí, tí wọ́n ń jẹ mínírà tí wọ́n sì ń ya fọ́tò, ìwé sáyẹ́ǹsì ni wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ó sì yọrí sí rere. N kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ìdẹkùn tirẹ̀ tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Ẹ bi ọmọ pé, "Kí ló wà nínú ayé?" Á dá yín lóhùn pé èèyàn, ẹranko, owó, wàhálà. Kò ṣì í sọ. "Ayé" lẹ́nu wa kì í ṣe òkúta roboto nìkan, ìgbésí ayé àti àwọn ènìyàn ibẹ̀ náà ni. Ẹ bi í pé kí ló wà "lábẹ́ ilẹ̀", á rántí òkú. Bẹ́ẹ̀ ni "èèpo ilẹ̀" tí àwọn olùkọ́ kan ń lò ṣe ń mú kí ọmọ rò pé èèpẹ̀ tí à ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ni gbogbo rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èèpo náà nípọn tó kìlómítà 30 sí 50 lábẹ́ ilẹ̀ wa, àpáta ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lójú tèmi, "èèpo ayé" ló dára, kí olùkọ́ sì sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní pé ayé tí òun ń wí lónìí ni òbírí tí gbogbo wa ń gbé lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni ìyẹn máa gbà.

Nínú ìdánwò, ìbéèrè tó máa ń wà níbẹ̀ ni: "Dárúkọ ìpele mẹ́ta tí ayé ní." Ọmọ tó bá há a sórí á gba máàkì rẹ̀, á sì gbàgbé rẹ̀ kí ọlidé tó parí. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ kí òmíràn tẹ̀ lé e, kí máàkì tirẹ̀ sì pọ̀ jù: "Kò sí ẹni tó tíì dé kókó ayé. Báwo la ṣe mọ̀ pé ohun tó ń ṣàn wà níbẹ̀? O lè fi àgbọn, ìkòkò tàbí okùn ṣàlàyé."